Àkàtàm̀pò Bouaké: Ṣé Ohun Ìwáṣẹ̀ Ni?

Nínú àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àti lọ́jà àwọn tí ń ra iṣẹ́ ọnà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, a máa ń rí àkàtàm̀pò tí àwọn Baulé, ẹ̀yà tí ó ni agbègbè Bouaké ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, fi igi gbẹ́. Igi tí ó ya ẹ̀ka méjì ni, bí irú èyí tí àwọn ọmọ wa fi ń ta ẹyẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n a máa gbẹ́ orí ènìyàn, ẹranko, tàbí obìnrin tí ó dúró ṣánṣán sí ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i kò ní pẹ́ wí pé ohun ìwáṣẹ̀ nìyí. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ̀yin olùgbọ́ wa mọ ìdí rẹ̀.

Ohun èlò kan wà tí ó dàgbà ju àkàtàm̀pò onírọ́bà lọ, tí iṣẹ́ wọn sì jọra. Èyí ni ọrun tí a fi ń ta ọta amọ̀. Àwọn ará Íńdíà, tí wọ́n ń pè é ní gulel, àwọn ará Ṣáínà, àti àwọn ẹ̀yà kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni a mọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n a máa la ọparun, wọ́n a sì fá a títí yóò fi ṣe é tẹ̀. Dípò ọṣán kan ṣoṣo, okùn méjì ni wọ́n sábà máa ń ta sí i. Wọ́n a fi igi tín-ín-rín ya okùn méjèèjì sọ́tọ̀, wọ́n a sì so awọ tàbí aṣọ kékeré mọ́ àárín wọn bí àpò. Amọ̀ tí a yí roboto, tí a sá sóòrùn títí ó fi le, ni ọta rẹ̀. Ṣùgbọ́n títa rẹ̀ gba ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọrun ni ọfà ń gbà kọjá. Ọ̀kánkán igi ọrun àti àtàǹpàkò ẹni tí ó dì í mú ni ọta amọ̀ ń bọ̀. Bí ó ti ń jọ̀wọ́ okùn ni yóò yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, kí ọrun lè yà fún ọta. Ẹni tí kò bá mọ èyí, àtàǹpàkò rẹ̀ ni yóò sọ fún un.

Àkàtàm̀pò Baulé kò ní wàhálà yìí, nítorí àlàfo àárín ẹ̀ka méjèèjì ni ọta rẹ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n bí agbára ọrun ti wà nínú igi, inú rọ́bà ni agbára àkàtàm̀pò wà. Níbi rọ́bà yìí gan-an ni ìtàn wà.

Oje rọ́bà lásán a máa lẹ̀ nínú ooru, a sì máa gan nínú òtútù. Ní 1844 ni Charles Goodyear ti Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a fi ń fi imí-ọjọ́ àti iná ṣe é, kí ó lè máa nà kí ó sì máa sún padà. Ní 1888 John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí wá rọ́bà kiri. Igbó wa níhìn-ín kò gbẹ́yìn: ní 1895, rọ́bà tí a kó jáde láti Èkó ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ, kí ṣíṣá tí wọ́n ń ṣá igi ìrẹ́ láìsinmi tó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àwọn Baulé náà gba oje rọ́bà nínú igbó tiwọn, wọ́n sì tà á. Ní 1901 ìjọba Faransé bu owó-orí lé àwọn ará Côte d'Ivoire. Láti 1908 Gómìnà Gabriel Angoulvant fi ogun tẹ àwọn tí ó ṣe agídí lórí ba. Ọkọ̀ ojú irin dé Bouaké ní 1912. Nígbà tí ó di 1913, owó rọ́bà inú igbó já wálẹ̀, nítorí rọ́bà tí a gbìn sí àwọn oko ńlá ní Éṣíà ti kún ọjà. Rọ́bà tí ó bá ẹrù jáde tún bá ọjà òkèèrè wọlé, lára kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò. Bí rọ́bà inú táyà bá gbó, a gé e tẹ́ẹ́rẹ́, a so ó mọ́ igi, àkàtàm̀pò dé. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò lè dàgbà ju rọ́bà tí ń ta á lọ.

Èdè tiwa pàápàá lè ṣi ènìyàn lọ́nà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àkàtàm̀pò ni àwọn baba wa ń pe ọrun tí a gbé dábùú sórí igi, tí ẹni tí ń ta á yóò fa okùn rẹ̀ kọ́, tí yóò sì tú u sílẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́. Nígbà tí ohun onírọ́bà dé, a fi orúkọ àgbà náà pè é. Orúkọ ni ó dàgbà. Ohun tí ń jẹ́ ẹ kò dàgbà.

Àwọn àgbà ní ọṣán já, ọrun dọ̀pá. Rọ́bà a máa gbó, a máa sán, a sì máa já. Igi tí a gbẹ́ ni yóò kù. Ẹni tí ó bá rí igi náà nìkan, tí kò bèèrè ohun tí a so mọ́ ọn rí, yóò sọ ọ́ di ohun tí kò ní ọjọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò gba ìtàn lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín: làálàá àwọn tí ó wọ igbó lọ gba oje rọ́bà, àti ọgbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó rí ohun tuntun, tí ó sì fi ọnà baba rẹ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ará wa, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò, ni ó ti fi Côte d'Ivoire ṣe ilé, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Anàgó. Kí àwọn àti àwa tí a wà nílé má ṣe gba ọ̀rọ̀ ìwáṣẹ̀ gbọ́ kíákíá. Bí a bá fi iṣẹ́ ọwọ́ Áfíríkà hàn wá, ẹ jẹ́ kí á bèèrè ìgbà tí a ṣe é, ẹni tí ó ṣe é, àti ibi tí ohun tí a fi ṣe é ti wá.