Ọ̀dá, Akúra àti Oje Ara Ọkùnrin

Akúra àti ọ̀dá kì í ṣe ọ̀kan náà nínú èdè Yorùbá. Akúra ni ọkùnrin tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́. Ọ̀dá ni ẹran tí a ba kórópọ̀n rẹ̀ jẹ́. Àwọn baba wa tí ń tẹ òbúkọ lọ́dàá mọ̀ pé yóò sanra, pé kò sì ní máa lé abo kiri mọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n lára ènìyàn pẹ̀lú: Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, sọ nípa àwọn Ìwẹ̀fà ààfin Ọ̀yọ́. (Kí a má rò pé ẹni yẹpẹrẹ ni wọ́n, Ọ̀nà Ẹfà a máa dá ẹjọ́ ní orúkọ Aláàfin.)

Kí ni ó wà nínú kórópọ̀n tí ń ṣe gbogbo èyí? Ní 1849, Arnold Berthold ti Göttingen ní Jámánì yọ ti àkùkọ mẹ́fà. Ogbe àwọn kan súnkì, wọn kò sì kọ mọ́. Àwọn tí ó dá kórópọ̀n padà sínú ikùn wọn ń kọ, wọ́n ń jà. Ó hàn pé inú ẹ̀jẹ̀ ni oje kan ń gbà kiri ara.

Ní 1889, Brown-Séquard, ẹni ọdún 72, gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ oje kórópọ̀n ẹranko ní Paris, ó ní agbára òun padà. Ìgbàgbọ́ lásán ni, nítorí oje tí a ń wí kì í fẹ́ yòrò nínú omi tí ó lò. Ọdún 1935 ni a tó yọ testosterone gan-an láti ara akọ màlúù ní Amsterdam. Butenandt àti Ruzicka sì ṣe é lọ́dún kan náà.

Láti ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti wà, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Kì í ṣe gbogbo akúra ni oje yìí dín lára rẹ̀. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru a máa fà á. Ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀ ni a ń yẹ̀ wò, lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹni tí ó sanra jù bá fọn díẹ̀, oje náà lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí testosterone bá ti ìta wọlé, ọpọlọ a dẹ́kun àtirán kórópọ̀n níṣẹ́, irúgbìn ọmọ inú àtọ̀ a sì dínkù, tàbí kí ó tán. Ọkùnrin tí ń wá ọmọ, tí ó sì lọ ra abẹ́rẹ́ yìí gún fúnra rẹ̀, ọ̀nà ọmọ náà ni ó ń dí. Ó sábà máa ń là padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ó bá dá a dúró. Ti ẹlòmíràn a pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.