Àádọ́rin ọdún lé oṣù mẹ́fà: òfin kan tó ná Màmá lówó

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo kọ nǹkan gígùn síbí. Ìwé tí mò ń kọ fún PhD ló gba gbogbo àkókò mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Maryland lọ́jọ́ Sátidé kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, ó sì bọ́ sí ibi tí mò ń wádìí gan-an, ìyẹn ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ fún mi láàyè díẹ̀.

Ìyá kan wà ní ìjọ wa tí gbogbo wa máa ń pè ní Màmá. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn ìyá wa. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fi jókòó sílé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ part-time, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ní báyìí, ìyá òyìnbó kan tó fi ọdún mẹ́rin péré jù wọ́n lọ ni wọ́n ń tọ́jú. Bá a ṣe ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́, mo kàn sọ ọ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún dọ́là kan sínú IRA mi. Màmá mi orí. Wọ́n ní, "Ìwọ ṣì lè fi sí i. Èmi, wọ́n ti lé mi jáde níbẹ̀."

Èèyàn ò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kó má béèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní 2018, ọdún tí wọ́n pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, Màmá fi $2,000 látinú owó iṣẹ́ part-time wọn sínú IRA ti àtijọ́, irú èyí tí ìjọba kì í gba owó orí lórí ẹ̀ títí dìgbà tó o bá yọ owó náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé òfin ò gbà á mọ́. Ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìwé owó orí níbẹ̀rẹ̀ 2020 ni ẹni tó ń bá wọn ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ìtanràn ẹ̀ ni ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, lọ́dọọdún tí owó náà bá fi wà níbẹ̀: $120 fún 2018, $120 fún 2019. Wọ́n san $240, wọ́n kó owó náà kúrò, wọ́n sì búra pé àwọn ò tún ní dán an wò mọ́ láé. Àwọn kan á ní kí ni $240. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń san owó fún ní wákàtí-wákàtí.

Kí ló dé tí òfin á fi sọ fún ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tó ṣì ń san owó orí, pé kó má fi owó pamọ́ mọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sí 14 August 1935, ọjọ́ tí Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu òfin Social Security. Ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, àìmọye èèyàn ni ò ríṣẹ́. Lára èrò tó wà nídìí òfin náà ni pé tí àgbàlagbà bá ń gba owó ìjọba, kó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀dọ́ ráyè wọlé. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1939, wọ́n là á mọ́lẹ̀: oṣù tí àgbàlagbà bá fi pa $15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní rí owó Social Security oṣù yẹn gbà. Ida May Fuller, obìnrin ará Vermont tó kọ́kọ́ gba sọ̀wédowó oṣooṣù ní January 1940, $22.54 ni tiẹ̀. Ẹ wá fi $15 yẹn wé e.

Ó máa ń ṣe mí bíi pé ọ̀rọ̀ tiwa sàn ju tiwọn lọ níbí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò, yíyẹra kúrò ló túmọ̀ sí. Àwa ní "ìfẹ̀yìntì". Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri ṣì lè máa ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú okùn yẹn. Ní 1950, iye tí èèyàn lè pa lóṣù di $50, wọ́n sì dá ẹni tó ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin sí pátápátá. Ó di ọdún 2000 kí wọ́n tó mú un kúrò lórí ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọjọ́ orí tí wọ́n ń gba owó náà ní kíkún. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, okùn náà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀: ní 2025, tó bá pa ju $23,400 lọ, wọ́n á dá $1 dúró nínú $2 kọ̀ọ̀kan tó fi lé. (Wọ́n máa ń ṣírò ohun tí wọ́n dá dúró mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bá yá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀yẹn.)

Ti owó tí èèyàn fúnra ẹ̀ ń fi pamọ́ ló kan Màmá jù. Ní 1962, wọ́n ṣe òfin kan fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn, ibẹ̀ sì ni àádọ́rin ọdún lé oṣù mẹ́fà ti yọjú: tó o bá ti pé iye yẹn, o gbọ́dọ̀ máa yọ owó náà. Èrò ìjọba ò ṣòroó lóye. Kò gba owó orí lórí ẹ̀ látilẹ̀wá, kò sì fẹ́ kó o kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní December 1963, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Studebaker ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ní South Bend, ní Indiana. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀, tí wọn ò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ni wọ́n rí bíi sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan pẹ́ńṣàn tí wọ́n ṣèlérí fún wọn. Àwọn míì ò rí kọ́bọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi fà á kí Ààrẹ Ford tó buwọ́ lu òfin ERISA ní 2 September 1974, ọjọ́ àjọ̀dún òṣìṣẹ́ gan-an.

Inú òfin yẹn ni IRA ti jáde. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀ ò ní pẹ́ńṣàn lè fi tó $1,500 sí i lọ́dún. Ṣùgbọ́n wọ́n so ohun méjì mọ́ ọn. Àkọ́kọ́, owó òógùn ojú ni kó jẹ́: èrè báǹkì ò kà, owó ilé tó o fi háyà ò kà, pẹ́ńṣàn ò kà. Ìkejì, tó o bá ti wọ ọdún tó o máa pé àádọ́rin lé oṣù mẹ́fà, ó parí. Òfin gbà pé iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ ẹ nígbà yẹn.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: ní 1997, wọ́n dá Roth IRA sílẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ sẹ́nétọ̀ William Roth ti Delaware pè. Owó tó o ti san owó orí lórí ẹ̀ lò ń fi síbẹ̀, kò sì fìgbà kan ní gbèdéke ọjọ́ orí, bó o bá ṣáà ti ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ká ní inú Roth ni Màmá fi $2,000 yẹn sí ní 2018, kò ní sí ìtanràn kankan. Ilé ìfowópamọ́ kan náà, ọ̀sán kan náà, fọ́ọ̀mù míì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èmi náà rèé. Ní 20 December 2019, wọ́n buwọ́ lu òfin SECURE. Mo kà á nígbà náà, nítorí ẹ̀ka 106. Ṣáájú ìgbà yẹn, owó ìrànwọ́ tí yunifásítì ń san fún irú wa, ìjọba ń gba owó orí lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n kò kà á sí owó iṣẹ́, kò sì ṣeé fi sí IRA. Ẹ̀ka 106 yí ìyẹn padà. Inú mi dùn, mo pa ìwé dé. Ẹ̀ka 107, tó tẹ̀ lé e gbọnrangandan, ló mú gbèdéke ọjọ́ orí kúrò fún IRA àtijọ́, láti 2020 lọ. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí Màmá ń san $240 yẹn tí wọ́n ń búra, òfin ti ṣí ilẹ̀kùn fún ohun tí wọ́n bá fi sí i lọ́dún yẹn. Àga méjì ló máa ń wà láàárín wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún márùn-ún.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday, mo lọ jókòó tì wọ́n pẹ̀lú àwọn ìwé wọn. Ní 2025, ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún lè fi tó $8,000 sí i, kó má ṣáà ju ohun tó fi iṣẹ́ pa lọ. Ti Màmá wà lákọsílẹ̀. Tó bá jẹ́ owó ọwọ́ tẹ́nì kankan ò kọ sílẹ̀ ni, kò lè kà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ máa yọ díẹ̀ lọ́dọọdún nínú èyí tó wà ní IRA àtijọ́. (Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni yíyọ máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí; Màmá ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn kó tó yí padà.)

Wọ́n wò mí. "Kí n máa fi ọwọ́ ọ̀tún yọ, kí n máa fi ọwọ́ òsì dá a padà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Roth la jọ fẹnu kò sí, ìdí ẹ̀ sì tún jẹ́ òfin àtijọ́ míì. Láti 1984, tí owó tó ń wọlé fún ẹni tó dá wà, pẹ̀lú ìdajì Social Security ẹ̀, bá ti ju $25,000 lọ, ìjọba lè gba owó orí lórí Social Security náà. Gbogbo nǹkan ti wọ́n sí i láti ìgbà náà, $25,000 yẹn ò kúrò lójú kan. Owó iṣẹ́ part-time kà mọ́ ọn, owó tí wọ́n ń yọ nínú IRA àtijọ́ náà kà. Èyí tí wọ́n bá yọ nínú Roth lọ́nà tófin fẹ́ ò kà.

Mi ò kì í ṣe akáńtáǹtì o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mú mi. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá níbí tó ṣì ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ẹnì kan ti sọ fún wọn rí pé ọjọ́ orí wọn ti kọjá IRA, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ọdún wo ni. Tó bá jẹ́ ṣáájú 2020 ni, ẹ pè wọ́n padà lálẹ́ yìí.