Igi Tí Ó Kọ Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti igi eléso tí ó ń tanná tí kì í so. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ irú igi bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ tutù, ara rẹ̀ dá, kòkòrò kò jẹ ẹ́. Nígbà tí àkókò bá tó, òdòdó a bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan gbogbo rẹ̀ a rẹ̀ sílẹ̀, olóko a wòkè, kò ní rí nǹkankan. Òjò ni a máa ń di ẹ̀bi rù, tàbí ilẹ̀, tàbí aládùúgbò tí a kò fẹ́ràn. Ó gba àwọn amòye ní ohun tí ó lé ní igba ọdún kí wọ́n tó mọ òkodoro rẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú irú igi bẹ́ẹ̀ kò ṣàìsàn rárá, lẹ́búlẹ́bú ara wọn ni wọ́n ń kọ̀.

Kí ọ̀ràn náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo inú òdòdó. Lẹ́búlẹ́bú kan wà níbẹ̀, tí ó máa ń pọ́n bí ìyẹ̀fun ẹ̀lùbọ́ àgbàdo. Èyí ni ti akọ. Ní àárín ni abo dúró bí ọ̀pá tín-ín-rín tí ó ní ẹnu àti ọ̀fun, ẹyin rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun náà. Oyin ni alárinà. Òun ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó kan dé ẹnu òmíràn. Bí ó bá balẹ̀ síbẹ̀, hóró lẹ́búlẹ́bú náà a hù, a sì na okùn kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an gba inú ọ̀fun sọ̀kalẹ̀. Bí okùn náà bá dé ibi ẹyin, èso dé. Bí kò bá dé ibẹ̀, òdòdó a rẹ̀. Àwa Yorùbá kì í fi ọmọ fún ọkọ láìṣe ìwádìí ilé, pàápàá kí a má bàa so ọmọ ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ ìyá. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òdòdó ń ṣe nínú ọ̀fun wọn.

Kölreuter ará Jámánì ti rí i láàárín ọdún 1760 sí 1770 pé ewéko kan wà tí kì í so bí a bá fi lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ sí i. Darwin náà fi ọdún mọ́kànlá dán irú nǹkan wọ̀nyí wò, ó sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1876. Ṣùgbọ́n òdòdó inú ìkòkò ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n lò, kò sì pa àgbẹ̀ kankan lára.

Ní Amẹ́ríkà ni ọ̀ràn náà ti kan àpò ènìyàn. Èso kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní pear. Kì í ṣe píà tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ìbátan ápù ni, ó sì rí bí akèrègbè kékeré. Èyí tí ó lókìkí nínú wọn ni Williams ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà orúkọ rẹ̀ sọnù lójú ọ̀nà, Enoch Bartlett ará Massachusetts sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é, Bartlett ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀ títí di òní. A kì í gbin ín láti inú hóró, nítorí ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́. Ẹ̀ka rẹ̀ ni a ń gé tí a sì ń lọ́ sára igi mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kà nípa igi ólífì nínú Ìwé sí àwọn ará Róòmù. Nítorí náà bí Bartlett ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá bá wà nínú ọgbà kan, igi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró lé.

Ní etí odò James ní Virginia, àwọn oníṣòwò kan gbin ọgbà ńlá kan tí ó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún Bartlett. Igi dàgbà, ó tanná, kò so ohun tí ó tó kó lọ sí ọjà. Merton Waite, òṣìṣẹ́ ìjọba nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, ni ó wádìí rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti fi hàn ṣáájú pé kòkòrò ni ó ń gbé àrùn kan kiri láàárín òdòdó pear, nítorí náà kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ oyin. Ó rí i pé níbi tí irú pear mìíràn bá ṣèèṣì wà láàárín wọn, àwọn Bartlett tí ó sún mọ́ ọn a máa so. Ó fi àpò bo òdòdó kí oyin má bàa dé ibẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta lẹ́búlẹ́bú sí wọn. Lẹ́búlẹ́bú igi náà fúnra rẹ̀, kò so. Lẹ́búlẹ́bú láti ara Bartlett mìíràn, síbẹ̀ kò so. Lẹ́búlẹ́bú irú mìíràn, èso dé. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1894. Ẹni tí ó bá sì mú Williams wá láti Lọ́ńdọ̀nù kí ó lè ṣe ọkọ fún Bartlett rẹ̀, ọkùnrin kan náà ni ó fún ní orúkọ méjì.

Ìmọ̀ràn tí àgbẹ̀ rí gbà nígbà náà ni pé kí ó gbin irú méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ní Oregon, Gardner fi hàn ní 1913 pé ṣẹ́rì mẹ́ta tí wọ́n níyì jùlọ níbẹ̀, èyíinì ni Bing, Lambert àti Napoleon, ń kọ ara wọn lẹ́nìkínní-kejì. Bing dúdú, Napoleon pọ́n rúsúrúsú. Ojú kò lè mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n. Ní Merton lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, Crane àti Lawrence tò ọ̀pọ̀ ṣẹ́rì sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́: inú ẹgbẹ́ kan, kò sí ìgbéyàwó, láàárín ẹgbẹ́ méjì, èso dé.

Ní 1925, East àti Mangelsdorf, tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò tábà, rí ìdí rẹ̀. Igi kọ̀ọ̀kan ní àmì méjì bí ilà ojú, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba. Hóró lẹ́búlẹ́bú kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹyọ kan. Bí ẹyọ kan náà bá wà nínú méjì tí ọ̀fun òdòdó ní, a kò ní gbà á. A mọ̀ lónìí pé ilà kẹta àti ìkẹrin ni Bing, Lambert àti Napoleon jọ kọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n kí ni ilà náà ní ti ara? Níbí ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́místìrì bẹ̀rẹ̀. Ní Melbourne, Adrienne Clarke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe purotéènì kan ní 1986 tí ó wà nínú ọ̀fun òdòdó ìbátan tábà. Ní 1989 a mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ronú ilé iṣẹ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ kò jáde nínú yàrá. Ìwé kéékèèké ni ó fi ń ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni ohun alààyè rí, ìwé kéékèèké náà ni a sì ń pè ní RNA. Purotéènì ọ̀fun yìí jẹ́ ẹ́ńsáìmù tí ń fa ìwé náà ya. Okùn lẹ́búlẹ́bú tí kò rí ìwé gbà mọ́ kò lè mọ ara rẹ̀ gùn. A dúró sójú ọ̀nà, a sì kú. Àwọn ará Jàpáánù rí irú ẹ́ńsáìmù kan náà nínú pear ilẹ̀ wọn ní 1992. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ́ńsáìmù náà ń wọ inú okùn àlejò àti ti ìbátan bákan náà. Nínú pear àti ápù, àlejò ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí ó fi ń dá a mọ̀, tí ó sì fi ń fà á lé ìparun lọ́wọ́. Ìbátan kò ní irinṣẹ́ tí ó bá ẹ́ńsáìmù ilé ara rẹ̀ mu.

Ní ti ṣẹ́rì, irinṣẹ́ inú lẹ́búlẹ́bú ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn: bí ó bá bàjẹ́, ìkọ̀sílẹ̀ dópin. Dan Lewis ti Merton ni ó fi ìtànṣán X kan lẹ́búlẹ́bú ṣẹ́rì, igi tí ń gba ara rẹ̀ sì jáde. Ní Summerland ní Kánádà, Lapins mú ọmọ igi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ Lambert, ó sì fi Stella lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní 1968. Ní 2004 ni a rí ohun tí ìtànṣán náà bàjẹ́: lẹ́tà mẹ́rin péré nínú jíìnì kan.

Ẹ lè béèrè pé, kí ni èyí kàn wá, àwa tí a kò gbin ṣẹ́rì? Ó kàn wá nípa kòkó. Kòkó tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa ni Amelonado, tí wọ́n kó láti Brazil lọ sí erékùṣù Príncipe ní 1822, tí ó sì ti àwọn erékùṣù náà wá sí orí ilẹ̀. Ọ̀gágun ọkọ̀ J. P. L. Davies gbin ín ní oko rẹ̀ ní Ijon ní nǹkan bí 1880, J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Agége sì ràn án kálẹ̀. Amelonado a máa gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú igbó a so. Nítorí náà ni ìwọ̀nba hóró fi lè di oko Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, láìsí ẹni tí ó wá ọkọ fún igi kankan.

Kì í ṣe gbogbo kòkó ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Trinidad, Pound rí i láàárín ọdún 1930 sí 1940 pé ọ̀pọ̀ wọn ń kọ ara wọn. Alárinà kòkó kì í ṣe oyin, kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ó jẹ́ ìbátan kantíkantí ni. Ọ̀nà tí kòkó fi ń kọ̀ sì yàtọ̀ sí ti pear. Cope fi hàn pé okùn lẹ́búlẹ́bú a sọ̀kalẹ̀ tààrà dé ọ̀dọ̀ ẹyin, kò sí ẹni tí ó dá a dúró lọ́nà. Níbẹ̀ gan-an ni a ti kọ̀ ọ́, bí ọkọ ìyàwó tí ó ti dé iwájú pẹpẹ. Ní 1937 àti 1938 Pound kó kòkó láti òkè odò Amásónì. Ní 1944 Posnette gbé irú wọn wá sí Tafo ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n tètè so, wọ́n sì so púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba ara wọn. Olóko tí ó bá rí irú igi bẹ́ẹ̀ tí ó wù ú, tí ó sì lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ nìkan kún gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ọgbà Virginia ni ó ń gbìn. Àwọn tí ń pèsè irúgbìn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti sọ ìkọ̀sílẹ̀ náà di ohun èlò: igi tí ń kọ ara rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìyá, wọ́n sì gbin baba tí wọ́n yàn yí i ká, tí ó fi jẹ́ pé kò sí èso kan lórí igi náà tí wọn kò mọ baba rẹ̀.