Ìlà tí Òfuurufú Kò Rí ní Ìhunbọ̀

Ẹni tó bá wá Ìhunbọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, nínú àwòrán sátẹ́láìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, òrùlé páànù, oko àti ọ̀nà ilẹ̀ pupa ni yóò kọ́kọ́ rí. Bí ó bá sún àwòrán náà sí apá ìwọ̀-oòrùn, yóò kan ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan: Nàìjíríà nìyí, Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú ìlà náà kúrò, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ilẹ̀ kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Oko ń bá oko lọ. Àwọn tó ṣe àwòrán ló fa ìlà lé e lórí. Kámẹ́rà ojú sánmà kò rí i.

Inú ìwé ni ìlà náà ti wá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, ọdún 1889, àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Páríìsì. Wọ́n ní kí ààlà bẹ̀rẹ̀ níbi odò Àjàrá, nítòsí Àjàṣẹ́, kí ó sì máa lọ tààrà sí àríwá. Wọ́n fi Ìpókíá, tí wọ́n kọ ní Pokrah, sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó. Kò sí ẹni tó bi àgbẹ̀ léèrè ibi tí oko bàbá rẹ̀ parí sí. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ti ìjọba Kétu látilẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1976 pé iṣẹ́ àfipáṣe àti fífi ipá kó ènìyàn sínú iṣẹ́ ológun lábẹ́ Faransé mú kí ọ̀pọ̀ sá kọjá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè wọn ni wọ́n sá wá.

Àwọn tó fa ìlà kò ní ojú tó ń wo ilẹ̀ láti òkè. Ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà fi Landsat àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí òfuurufú; NigeriaSat-1 tẹ̀lé e lọ́dún 2003; ọdún 2005 ni Google Earth gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Lónìí, ọmọ Yewa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè wá òrùlé bàbá rẹ̀ rí.

Síbẹ̀, ìlà tí òfuurufú kò rí wúwo lórí ilẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè pa. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín 20 kìlómítà sí ààlà. Láti ara ìlà ọdún 1889 ni wọ́n ti ń wọn ẹni tí yóò rí epo rà.

Ìdí nìyí tí àwòrán nìkan kò fi tó. Sátẹ́láìtì rí òrùlé, kò mọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó. Ó rí igbó, kò mọ èyí tó jẹ́ igbó orò. Láti ọdún 2004 ni OpenStreetMap ti wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ orúkọ àdúgbò àti odò rẹ̀ sí. Kí ọ̀dọ́ gbé fóònù rẹ̀ tọ àgbà lọ kí ó tó kọ ọ́. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.