Ẹni Méjì, Iṣẹ́ Kan: Ìtàn Ìṣirò Àjùmọ̀ṣe

Bí ẹnì kan bá lè dá iṣẹ́ kan parí ní ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹnì kejì sì lè dá a parí ní ọjọ́ mẹ́fà, ọjọ́ mélòó ni wọn yóò lò bí wọ́n bá jọ ṣe é? Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ló gbà pé WAEC àti JAMB ló dá irú ìbéèrè yìí sílẹ̀ láti fi dà wọ́n lọ́kàn rú. Kì í ṣe àwọn. Ọdún 1952 ni WAEC bẹ̀rẹ̀, JAMB sì dé ní 1978. Ìbéèrè náà ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún.

Ilẹ̀ Ṣáínà la ti rí ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù lọ, nínú ìwé ìṣirò olórí mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní Jiuzhang Suanshu, èyí tí Liu Hui kọ àlàyé sí ní ọdún 263. Omi ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ojú ìṣàn márùn-ún ló wọ adágún kan: èkíní nìkan lè mú un kún láàárín ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ kan, èkejì ní ọjọ́ kan, ẹ̀kẹta ní ọjọ́ méjì àbọ̀, ẹ̀kẹrin ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀karùn-ún ní ọjọ́ márùn-ún. Bí wọ́n bá ṣí gbogbo wọn papọ̀, ìdá 15 nínú 74 ọjọ́ kan ti tó. Ìyẹn ò pé wákàtí márùn-ún.

Àwọn Gíríìkì náà ò gbẹ́yìn. Nínú àkójọ ewì ìṣirò tí wọ́n sọ pé Metrodorus ló kó jọ, bíríkì 300 ló kù tí ẹnì kan ń wá. Baba tó ń ṣe bíríkì lè ṣe 300 lójúmọ́, ọmọ rẹ̀ 200, àna rẹ̀ 250. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa ṣe 750 lójúmọ́, nítorí náà ìdá méjì nínú márùn-ún ọjọ́ kan ni wọn yóò fi ṣe 300.

Ẹni tó sún ọ̀rọ̀ náà mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni Leonardo ará Pisa, tí ayé mọ̀ sí Fibonacci. Béjaïa, ní ilẹ̀ Àljíríà òní, ló ti kọ́ ìṣirò àwọn Lárúbáwá nígbà tí baba rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn oníṣòwò níbẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Liber Abaci, tó jáde ní 1202, jíjẹ ni iṣẹ́ náà: kìnnìún lè jẹ àgùntàn kan tán ní wákàtí mẹ́rin, ẹkùn ní márùn-ún, béárì ní mẹ́fà. Bí wọ́n bá jọ jẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹ mú 60, tí mẹ́rin, márùn-ún àti mẹ́fà lè pín láìṣẹ́kù. Nínú wákàtí 60, kìnnìún á jẹ àgùntàn 15, ẹkùn 12, béárì 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 37. Ẹ pín 60 sí ọ̀nà 37: àgùntàn kan kò ní tó wákàtí méjì. (Bóyá àwọn ẹranko náà á gbà láti jókòó jẹun pọ̀, Fibonacci ò sọ.)

Ọgbọ́n kí á wá iye kan tó lè gba gbogbo ìdá yìí kì í ṣe àjèjì ní Ìlọrin rárá. Àwọn àlùfáà ibẹ̀ ti ń lò ó nínú ìmọ̀ ogún pínpín, tí orí kan wà lórí rẹ̀ nínú Risala Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, ìwé tí wọ́n ń kà ní ilé kéwú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ọkùnrin kan bá kú, tó fi ìyàwó, ìyá àti ọmọkùnrin kan sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, ìdá kan nínú mẹ́fà ni ti ìyá. Àlùfáà á mú 24: ìyàwó gba 3, ìyá gba 4, ọmọ gba 17 tó kù. Ogún ni wọ́n ń pín o, kì í ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é kò yàtọ̀.

Ẹ gbé e wá sí ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin wàyí. Ká ní ẹ̀rọ ìlọta méjì dúró síbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń lọ garawa ata kan ní ìṣẹ́jú 20, ti èkejì, tó ti gbó díẹ̀, ń lo ìṣẹ́jú 30. Olóúnjẹ kan gbé garawa kan wá, ó ń kánjú, ó ní kí wọ́n pín in sínú méjèèjì. Ọmọ tó bá yára á ní ìṣẹ́jú 25, torí ó wà láàárín 20 sí 30. Kó wò ó dáadáa: ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nìkan ì bá ti parí rẹ̀ ní 20, báwo ni ìrànlọ́wọ́ ṣe máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn? Nínú wákàtí kan, ti àkọ́kọ́ á lọ garawa mẹ́ta, ti èkejì á lọ méjì. Garawa márùn-ún ní ìṣẹ́jú 60, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 12.

Nǹkan kan wà tí ìwé ìṣirò kì í kà sí. Ó gbà pé òṣìṣẹ́ kan kì í dí èkejì lọ́wọ́, àti pé kò sẹ́ni tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Ẹni tó bá ti bẹ ọ̀wẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá bí oúnjẹ bá ti jinná. Max Ringelmann, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wọn agbára àwọn tó ń fa okùn, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1913: bí èèyàn mẹ́jọ bá jọ fà á, agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò kò ju bí ìdajì èyí tó ń lò bó bá dá fà á.

Síbẹ̀, ìṣirò náà wúlò, bí a bá kọ́ ọ dáadáa. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ta yọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fọ́múlà sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà ní èdè ilé rẹ̀ pé mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan á ṣe láàárín àkókò kan náà.