Ta Ni Ó Wà Lẹ́nu Bodè?

Nígbà tí ìlú wa ṣì ní odi, àlejò kì í wọlé láti ibi tó bá wù ú. Bodè ni gbogbo ènìyàn ń gbà, oníbodè a sì jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́: ta ni ọ́, níbo lo ti ń bọ̀, kí lo rù, owó bodè dà? Odi ti wó, ṣùgbọ́n orúkọ Bodè ṣì wà lára àdúgbò ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta. Mo mú ọ̀rọ̀ oníbodè wá nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ń ṣe lónìí, àwọn tí à ń pè ní server. Ẹ̀yin tí ẹ fi fóònù wo iye owó tó kù yín kù ní báńkì, bodè lẹ kàn, oníbodè kan ló sì dá yín lóhùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo láti jókòó sẹ́nu bodè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò lóhùn láìda ọ̀rọ̀ wọn pọ̀, ìtàn gidi ni, ó sì ní omijé nínú.

Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, kọ̀ǹpútà kan ní yunifásítì ìlú náà ránṣẹ́ sí èkejì rẹ̀ ní Stanford Research Institute. Owó ilé iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ wá di púpọ̀, wàhálà kan yọjú. Kọ̀ǹpútà kan lè máa gba lẹ́tà, kó máa fi fáìlì ránṣẹ́, kó tún máa gba ẹni tó fẹ́ lò ó láti òkèèrè. Bí iṣẹ́ bá dé, èwo nínú wọn ló ni ín? Wọ́n bá fi nọ́ńbà sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yìí la wá ń pè ní pọ́ọ̀tù. Ẹ má wulẹ̀ wá a lára kọ̀ǹpútà o, kì í ṣe ihò tí à ń ki wáyà bọ̀. Nọ́ńbà lásán ni, ó wà lára iṣẹ́ tí a rán bí àdírẹ́sì ṣe ń wà lára àpò lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kò ní akọ̀wé, ìjà ló ń dá sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1972, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jon Postel kọ ìwé pélébé kan pé ó yẹ kí ẹnìkan wà tí yóò máa pín nọ́ńbà náà, ó sì béèrè nínú rẹ̀ bóyá kí òun fúnra òun ni ẹni ọ̀hún. Bó ṣe di iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, títí ó fi kú ní oṣù kẹwàá 1998. Lẹ́tà gba 25. Fífi fáìlì ránṣẹ́ gba 21. Telnet, tí wọ́n fi ń lo kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, gba 23. Nígbà tí wẹ́ẹ̀bù dé ní àwọn ọdún 1990, 80 ló kàn án. Nọ́ńbà náà lọ títí dé 65,535.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1983 ni àwọn ẹ̀rọ inú ìsokọ́ra náà pa èdè àtijọ́ tì, tí wọ́n gba TCP/IP tí à ń lò títí dòní. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì California ní Berkeley gbé 4.2BSD jáde, Bill Joy àti Sam Leffler wà nínú wọn. Inú rẹ̀ ni àwọn àṣẹ tí ẹni tó ń kọ server ṣì ń lò ti wá. Ẹ ó kọ́kọ́ ní kí ẹ̀rọ fún yín ní ilẹ̀kùn, socket nìyẹn. Ẹ ó kan nọ́ńbà mọ́ ọn, bind nìyẹn. Ẹ ó ní kó fetí sílẹ̀, listen. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá ní kó gba àlejò wọlé, accept. Accept yìí gan-an ni gbogbo ẹjọ́. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá dé ibẹ̀ tí kò bá àlejò kankan, ńṣe ni yóò sùn lọ fọnfọn títí ẹnìkan yóò fi kan ilẹ̀kùn. Bó bá sì ti sùn sẹ́nu bodè 25, kí wọ́n ya ilẹ̀kùn 21 lulẹ̀, kò gbọ́.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ ni kí server máa bímọ. Unix ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ fork. Bàbá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà; bí àlejò bá dé, á bí ọmọ tó jọ ọ́ bí ìmumu, á fa àlejò lé e lọ́wọ́, òun á padà sídìí ilẹ̀kùn. Ó dára fún bodè kan. Ṣùgbọ́n bí bodè bá di 20, a jẹ́ pé bàbá 20 ló ń sùn káàkiri inú ẹ̀rọ, tí wọ́n gba àyè láìṣe nǹkan kan, àyè sì wọ́n bí ojú nínú kọ̀ǹpútà ìgbà náà. Ìdí nìyí tí inetd fi bá 4.3BSD jáde ní 1986. Oníbodè kan ṣoṣo fún gbogbo bodè! Àṣẹ kan tó ń jẹ́ select ló ń lò, èyí tó lè ṣọ́ ilẹ̀kùn púpọ̀ pa pọ̀. Èyí tí wọ́n bá kàn, á sáré lọ jí ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Lójú tèmi o, kò sí ohun tó mọ́gbọ́n dání jù ú lọ nínú gbogbo ìtàn yìí.

Àmọ́ inetd ní fáìlì kékeré kan tó ń kà, tí gbogbo ilẹ̀kùn tó yẹ kó ṣí wà nínú rẹ̀. Bí fáìlì náà ṣe bá ẹ̀rọ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, onílé ò mọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá 1988 lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Cornell, Robert Tappan Morris, tú ètò kan sílẹ̀ tó ń dá rìn láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé ò pin sí ẹyọ kan: ó ń gba ilẹ̀kùn lẹ́tà, ó sì ń méfò ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ènìyàn. Èyí tó ṣe mí ní kàyéfì jù ni pọ́ọ̀tù 79, ti finger. Kí tilẹ̀ ni iṣẹ́ finger? Kò ju kó sọ fún ẹni tó bá béèrè pé lágbájá wà lórí ẹ̀rọ tàbí kò sí. Ẹni tó kọ ọ́ pèsè àyè lẹ́tà 512 fún ìbéèrè, kò sì wọn ohun tí àlejò rù wá. Morris ru 536 wá. Ohun tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ yẹn ló di àṣẹ, ni ilé bá bọ́ sọ́wọ́ àlejò.

Bí ètò yìí bá dé ẹ̀rọ kan, á béèrè bóyá ẹ̀dà rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Èyí bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ Morris ń bẹ̀rù pé wọ́n lè fi irọ́ dá a lóhùn, ló bá ní kí ẹyọ kan nínú 7 má kọbi ara sí ìdáhùn. Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Ẹ̀dà ń gun ẹ̀dà lórí, títí ẹ̀rọ ò fi lè mí mọ́. Wọ́n fojú bù ú pé ẹ̀rọ bí 6,000 ló kó o, nínú bí 60,000 tó wà lórí ìsokọ́ra nígbà náà. Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà ara wọn yọ. Ní 1990 ilé ẹjọ́ fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún 3, wọ́n ní kó fi 400 wákàtí ṣiṣẹ́ ìlú, kó sì san owó ìtanràn 10,050 dọ́là. Ọkùnrin yìí kan náà ló padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, ẹ ò rí ayé! Mi ò gbèjà rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ilẹ̀kùn tí kò lò sílẹ̀ ní ṣíṣí náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹjọ́ yẹn.

Bó pẹ́ bó yá, àwọn alábòójútó ń ti ilẹ̀kùn níkọ̀ọ̀kan. Telnet náà bọ́ sí i, torí gbangba ló ń ké ọ̀rọ̀ àṣírí lójú ọ̀nà. Ní 1995, lẹ́yìn tí àwọn olè ti jí ọ̀rọ̀ àṣírí kó ní yunifásítì rẹ̀ ní Finland, Tatu Ylönen kọ SSH, ó sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì Postel pé òun fẹ́ nọ́ńbà 22, tó wà láàárín 21 àti 23. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fún un. Ọjọ́ kejì kẹ̀!

Ọdún 1995 yìí kan náà ni ìlànà POSIX lórí thread jáde. Fọ́nrán òwú ni thread. Ọmọ tí fork ń bí, ilé tirẹ̀ ló ń dá gbé, ìnáwó sì ni. Fọ́nrán kì í kọ́lé. Inú ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bù jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kọ server tó ń fetí sí pọ́ọ̀tù 3, ẹ lè fi fọ́nrán kan sẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí kálukú máa sùn nínú accept tirẹ̀ láìdí èkejì lọ́wọ́. Bí àlejò bá dé, wọn ò ní bá a tàkúrọ̀sọ. Wọn á kàn tò ó sórí ìlà, àwọn fọ́nrán òṣìṣẹ́, ká ní 8, á sì máa mú àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìkòkò kan náà yẹn ni ìyọnu. Ẹ jẹ́ ká ní 10,000 náírà ló wà nínú àkáǹtì kan. Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ fi 2,000 kún un, èkejì fẹ́ fi 3,000 kún un. Àwọn méjèèjì ka 10,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan kọ 12,000 sílẹ̀, èkejì kọ 13,000 lé e lórí. 15,000 ló yẹ kó wà níbẹ̀, 2,000 ti di ẹ̀fúùfù, kò sì sí ẹni tó jalè. Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ti kọ̀wé lórí oògùn rẹ̀ láti 1965: ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ìkòkò, kó kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n bí àgádágodo bá di méjì, tí Táyé mú kọ́kọ́rọ́ kan, tí Kẹ́hìndé mú èkejì, tí kálukú wá ń dúró de èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì, ibẹ̀ ni wọn ó wà dọ̀la.

Ẹni tó bá rò pé eré ni, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2003. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan ní Ohio ní server tó ń ké pe àwọn òṣìṣẹ́ bí wáyà bá ní wàhálà. Apá méjì nínú ètò rẹ̀ ki ọwọ́ bọ ìkòkò kan náà lẹ́ẹ̀kan, ìkòkò dojú rú. Láti aago méjì ààbọ̀ ku díẹ̀ lọ́sàn-án ni server náà ti yadi. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ náà dákú. Wáyà ń fara kan igi, iná ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ara àwọn òṣìṣẹ́ balẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò wí nǹkan kan. Nígbà tí aago mẹ́rin fi kọjá díẹ̀, òkùnkùn ti bo bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Igi tí wọn ò gé jẹ̀bi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ká ní server ké ni, wọn ì bá ti tètè mọ̀.

Ní 1999, Dan Kegel béèrè ìdí tí server kan ò fi lè gba àlejò 10,000 lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ẹ̀rọ ti lágbára tó o. Fọ́nrán 10,000 kọ́ ni ìdáhùn. Kálukú wọn nílò ẹní tirẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa fi gbogbo ọjọ́ sáré láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Igor Sysoev, ará Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ nginx ní 2002, ó gbé e jáde ní 2004. Bí ẹ bá tú u wò, ọgbọ́n inetd àtijọ́ lẹ ó bá níbẹ̀: oníbodè kan, ilẹ̀kùn púpọ̀. Ìyàtọ̀ ni pé select gbọ́dọ̀ máa yẹ ilẹ̀kùn wò níkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n epoll ti Linux kì í dárúkọ ju àwọn tí wọ́n kàn lọ. Oníbodè mélòó kan báyìí, tí wọn ò ju iye orí tí ẹ̀rọ ní lọ, ló ń ṣọ́ 80 àti 443 fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Nọ́ńbà 79 ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ lórúkọ finger. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn náà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lónìí, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.