*ÀWỌ̀N TÍ OJÚ RẸ̀ DỌ́GBA: ÌTÀN JẸ́Ẹ̀LÌ ÀTI ẸYINJÚ WA*



Bí pampers ọmọ bá ti gba ìtọ̀, ohun kan máa ń wú nínú rẹ̀ tó ń yọ̀. Jẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ àwọn okùn tíntìntín so kọ́ra bí àwọ̀n apẹja, àwọn ni kò jẹ́ kí omi náà ṣàn lọ.

Ní Prague, Otto Wichterle àti Drahoslav Lím ṣe jẹ́ẹ̀lì tí ara èèyàn lè gbà. Wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1960. Nígbà Kérésìmesì 1961, Wichterle fi ohun ìṣeré ọmọdé àti dáínámò kẹ̀kẹ́ to ẹ̀rọ nílé, ó sì fi ṣe lẹ́ńsì rírọ̀ tí wọ́n ń fi sójú.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù. Bó ṣe wu àwọn okùn náà ni wọ́n ń so mọ́ra. Ojú àwọ̀n kan á fẹ̀, òmíràn á há. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro àmàlà mọ̀ ọ́n: bí kò bá pò dọ́gba, kókó á wà níbì kan, ibòmíràn á rọ̀ jù. Bí a bá fa irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀, ibi tó lẹ jù ló ń kọ́kọ́ já.

Ní 2008, Takamasa Sakai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tokyo, ní Japan, yanjú rẹ̀. Wọ́n lo èròjà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́rin tó gùn dọ́gba. Apá èkíní kì í di irú tirẹ̀ mú, àfi ti èkejì. Nígbà tí wọ́n po méjèèjì pọ̀, àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ló jáde, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Jẹ́ẹ̀lì wà nínú ẹyinjú tiwa náà. Bí a ṣe ń dàgbà, ó ń sún kì, nígbà míì á sì fa awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú ya. Afẹ́fẹ́ tàbí òróró ni àwọn dókítà sábà máa ń fi síbẹ̀ láti tì í padà; ẹni tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí lójú lè dojú bolẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ní 2017, àwọn ará Tokyo yìí ròyìn pé jẹ́ẹ̀lì tàwọn wà nínú ojú ehoro fún ohun tó lé ní ọdún kan láìsí jàm̀bá. Ehoro ni o, kì í ṣe èèyàn.

Nítorí náà, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kọ mànà lójú yín, tí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ ń fò káàkiri lójijì, tàbí tó dà bíi pé kọ́tìnì bo apá kan ojú, *ọjọ́ náà gan-an* ni kí ẹ lọ rí dókítà ojú. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi falẹ̀ títí ojú fi ń lọ. Ẹ má ṣe kán ohunkóhun sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.

Nọ́ọ̀sì yín ni.